Ebi Tí Jùwọ́n Fi Polówó Orin

Iṣu ló kọ́kọ́ wọlé. Fọlákẹ́, ìyàwó Lásúnkànmí awakọ̀, ló rù ú wá láàárọ̀ Sátidé. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Eunice tó ń gbálẹ̀ àgbàlá nà ró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé nǹkan ti ṣe Lásúnkànmí lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, nítorí kọ́nà orí òkè yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú yẹpẹrẹ wò.

"Fọlákẹ́, ṣé kò sí o? Bàbá Kẹ́mi ńkọ́?"

"Ó wà nílé, Mọ́mì. Ẹ̀yin ni mo wá sunkún bá." Ó fi etí ìró nu imú. "Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Ẹ̀ bá fọwọ́ gbá a. Ẹ̀ bá ní, Fọlákẹ́, bu gààrí wá. Àbí nítorí pé Ìkìrun la ti wá, ẹ ò kà wá sí ará ilé?"

"Gààrí kẹ̀? Gààrí wo?"

Fọlákẹ́ tú fóònù rẹ̀ níbi tó ti so ó mọ́ ìró, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e sí Eunice lójú.

Ilé ìdáná ara rẹ̀ ni Eunice rí. Ó mọ ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú, ó mọ odó tó dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ohùn Jùwọ́n ọmọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wà nílé òkú. "Ẹ wo ìkòkò ilé wa. Ẹ wo inú rẹ̀." Ọwọ́ kan ṣí ìdérí, ìkòkò gbẹ. Ọwọ́ náà ṣí ike gààrí, ike mọ́ fo. "Tíṣà ni mọ́mì mi. Ọ̀gá ilé ìwé ni dádì mi. Wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọn ò rí gírátúítì gbà. Lánàá, omi la mu sùn." Kámẹ́rà wá yí sí ẹnìkan tó bẹ̀rẹ̀ níwájú àdògán, tó ń kó eérú, tó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ìró búlúù tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni onítọ̀hún ró. Eunice dá ìró náà mọ̀ kó tó mọ̀ pé òun ni. Lẹ́yìn ìyẹn, Jùwọ́n yí fóònù sí ojú ara rẹ̀, omijé ń dà, ó ní orin nìkan ni òun lè fi gba àwọn òbí òun lọ́wọ́ ebi, kí gbogbo ayé jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun pín in kiri. Ní ìparí pátápátá, orin náà dún díẹ̀, ó sì gé. Orin ìfẹ́ ni, nípa ọmọbìnrin kan tó rẹ́rìn-ín sí i ní gáréèjì Arámọkọ.

"Àbúrò mi ní Òṣogbo ló fi ránṣẹ́ sí mi," Fọlákẹ́ wí. "Ó ní ṣé ẹ ò mọ àwọn èèyàn wọ̀nyí ní Òkè-Ìmẹ̀sí yín ni? Mo ní mo mọ̀ wọ́n kẹ̀, àgbàlá wọn ni mò ń gbà kọjá."

Àgbà ti ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Jùwọ́n ò tilẹ̀ lo ọwọ́ kankan. Fóònù ló fi júwe tirẹ̀.

Eunice wo iṣu tó wà nílẹ̀. Iṣu dáadáa ni, iṣu tuntun tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ fún ọ, o ò lè ní kó gbé e padà, torí pé èébú ni. Bó o bá sì gbà á, o ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ó dúró títí eékún Fọlákẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lórí yanrìn. Nígbà tó yá, ó ní, "Dìde, ìyàwó. O ṣeun. Olúwa á bù sí i."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn dùn ún ju ẹkún lọ.

Jùwọ́n wà lórí ibùsùn, ó dojú bolẹ̀, fóònù wà lórí ìrọ̀rí níwájú rẹ̀. Olúwajùwọ́nlọ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ ìkómọ, àmọ́ Jé-Wọ́ọ̀nù ni ó ń jẹ́ lójú pósítà. Kò tíì sùn láti òru. Ẹ̀rín ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò kanlẹ̀kùn.

"Pa á rẹ́."

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì." Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kò rí àyè láàárín ibùsùn àti ògiri.

Bí inú bá ń bí Eunice, Yorùbá ilé ìwé á sá lẹ́nu rẹ̀, tilé á jáde. "Mo ní kó o pa á rẹ́! Ulé mi lo ṣí kalẹ̀ fáyé wò? Ìkòkò mi? Ẹ̀yìn mi, Olúwajùwọ́nlọ! Ẹ̀yìn tí mo fi pọ̀n ọ́ lo gbé fún wọn wò?"

"Mọ́mì, pírómò ni. Ẹ jókòó kí n ṣàlàyé."

"Ùyà ni ìwọ ń pè ní pírómò?"

Jùwọ́n dìde jókòó. Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ nínú ọmọ náà, bó sì ti ṣílẹ̀kùn báyìí, kò ṣeé tì mọ́. Ó ní ṣé Mọ́mì rántí àwọn pósítà tí òun lẹ̀ láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n? Òjò bó àwọn kan, àwọn olóṣèlú sì lẹ tiwọn mọ́ ìyókù lórí. Ó ní oníṣẹ́ rédíò kan ní kí òun mú nǹkan wá fún omi tútù. Òun mú un wá, ọkùnrin náà lo orin náà lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí gbogbo ayé wà lóko. Ẹlòmíràn ní wọ́n ti mú òun fún àmì ẹ̀yẹ olórin tuntun, àfi ìgbà tí òun dé ibẹ̀ tí wọ́n ní òun lòun máa ra àga tí òun máa jókòó sí, òun lòun sì máa ra àmì ẹ̀yẹ náà. "Mo ti ń fi orin bẹ ayé láti ọjọ́ yìí, Mọ́mì. Wọn ò dá mi lóhùn. Mo fi ìkòkò bẹ wọ́n lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn dúró. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Irọ́ lo pa mọ́ wa. Ìgbà wo la mu omi sùn?"

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ìkòkò gbẹ lóòótọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ ò tíì dáná ni. Ẹ̀gbọ́n Kọ́láwọlé ló ní kí n fi iyọ̀ sí i. Ó ní àwọn èèyàn kì í ran orin lọ́wọ́, ìtàn ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́."

Eunice tẹjú mọ́ ọmọ náà bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ ohun tó ń sọ. Ó rí i pé kò mọ̀.

Kọ́láwọlé yìí, Arámọkọ ló ń gbé, ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó ń tẹ pósítà, ó ń ta káàdì, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní mánéjà gbogbo ọmọ tó bá lè kọrin láti Ìjerò dé Erijìyàn. Òun ló bá wọn ṣe ètò tọjọ́ náà. Jùwọ́n sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, nítorí kò sí bó ṣe lè fi í pamọ́: àwọn kan tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n orí ayélujára ní Adó ń bọ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n fẹ́ bá Mọ́mì sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná. Tí wọ́n bá ti gbé e jáde, wọn á lo orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ilé iṣẹ́ olórin kan ní Èkó sì ti ń béèrè ta ló ni ọmọ náà.

"Ẹ kàn máa jókòó ni, Mọ́mì. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, wọ́n á ní onírọ́ ni mí, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ orin mi mọ́ láé."

"Mi ò níí jókòó. Kí wọn ó tó dé, kí nǹkan yẹn ti kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá bá a ńbẹ̀, wá ulé mìíràn lọ."

Láti pálọ̀ ni ohùn Francis ti wá. "Màmá Jùwọ́n, ẹ rọra. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Inú ààwẹ̀ ni mo wà."

Francis, bàbá ilé, jókòó ti rédíò rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ títí ó fi le gbagidi. Ojoojúmọ́ ló ń lọṣọ bí ẹni tó ṣì fẹ́ lọ lu aago ilé ìwé. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbààwẹ̀. Nàìjíríà ló ní òun ń gbà á fún.

"Ẹ ò ní bá ọmọ yín wí?" Eunice bi í.

"Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀."

"Ẹ ti gbọ́! Kí lẹ wá fi gbígbọ́ ṣe?"

Francis na ọwọ́, ó yí bọ́tìnnì rédíò sókè díẹ̀. Eunice yọ ṣùtì sí rédíò náà, torí kò lè yọ ọ́ sí ọkọ rẹ̀.

Kí oòrùn tó gorí òkè, àgbàlá ti kún. Ẹnìkan tí Francis kọ́ níwèé rí fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ránṣẹ́ láti Erijìyàn, ọlọ́kadà kó o wá, ó ń wojú ilé náà bí ẹni tó wá síbi ìran. Onílé-ìtajà ìsàlẹ̀ àdúgbò fi ìndómì ránṣẹ́. Ẹnìkan tí wọn ò mọ̀ kó aṣọ àlòkù wá nínú àpò, ó gbé e kọ́ ilẹ̀kùn, ó sì sá lọ. Ìyẹn ni Eunice ò lè fara dà. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpò náà sẹ́yìn ilé. Àwọn tó jẹ wọ́n lówó iṣẹ́ ọjọ́ ayé wọn kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ o. Àwọn ń jẹun lásìkò, mo fi dá yín lójú.

Ó gbé korobá lọ síbi ẹ̀rọ omi, kó lè kúrò láàárín oúnjẹ náà. Kò tíì yọ lẹ́yìn ògiri tó fi gbọ́ ohùn àwọn obìnrin.

"Tíṣà méjì nínú ulé kan, kí ebi ó wà ńbẹ̀? Ẹ̀tàn ni."

"Ẹ̀tàn kọ́. Mo rí ìkòkò náà. Àánú wọn ṣe mí."

"Àánú ṣe ọ́? Ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ oúnjẹ ìjọ lọ́wọ́? Bó bá jẹ́ pé ebi ń pa á lóòótọ́, kí ló ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí?"

Ẹ̀rín sọ. Eunice yí padà pẹ̀lú korobá òfìfo. Òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wọn, òun ló ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn opó, ó sì máa ń wọ̀n ọ́n kún ni, tí ago á fi máa dà sílẹ̀. Kò mú ẹyọ ìrẹsì kan nínú rẹ̀ lọ sílé rí. Ó fẹ́ kígbe bẹ́ẹ̀ mọ́ wọn. Ta ni yóò kígbe ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi?

Bó ṣe délé, Lydia, akọ̀wé ẹgbẹ́, ti wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé. Ó dìde, ó kí i, ó kí i, kíkí ò tán. Ó kí i fún ìlera, ó kí i fún ojú ọjọ́. Níkẹyìn, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé oúnjẹ."

"Ta ni a fẹ́ fún lónìí?"

Lydia wo bàtà rẹ̀. "Àwọn kan ni, Mọ́mì."

Eunice wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ náà lórí ìṣó, ó fi lé e lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí Lydia fi padà dé pẹ̀lú ìrẹsì nínú ọ̀rá. Eunice mọ ọ̀rá náà. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Àìkú, tó so ó ní kókó méjì fún Ìyá Samson, opó tó wà lẹ́yìn ọjà. Lydia gbé e sílẹ̀. Kò dá kọ́kọ́rọ́ padà, Eunice náà ò sì béèrè rẹ̀.

Nígbà tó di bí ọ̀sán, Fọlákẹ́ tún yọjú lójú fèrèsé ilé rẹ̀. "Mọ́mì, mi ò tíì gbọ́ ìró odó o."

"À ń bọ̀."

"Ẹ má bínú. Mò ń tẹ́tí sí i ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ odó yín gbẹ̀yìn. Ọkàn mi ní bóyá apá ló ń dùn yín."

Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Jùwọ́n wà lórí àga pálọ̀, ó ń dáhùn àwọn tó ń kọ̀wé sí i lórí fóònù, gbólóhùn yẹn sì bọ́ sí i létí. Ó gbé orí sókè, ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Eunice bẹ iṣu náà, ó sè é, ó yí odó dìde. Kò ní kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó fi ìbínú gún iyán náà tí ilẹ̀ fi ń mì. Ó ń gún Kọ́láwọlé nínú rẹ̀, ó ń gún àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ, ó ń gún àwọn tó ní kí wọ́n lọ máa fara balẹ̀ dúró de gírátúítì. Ó fi èyí tó ṣẹ́ kù nínú epo inú ìgò se ẹ̀fọ́ tó já lẹ́yìn ilé. Ó bù ú sí abọ́ méjì, ó gbé gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ó pe Jùwọ́n.

Francis ló kọ́kọ́ dé. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó pa rédíò, ó rìn wá láìsọ̀rọ̀, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó fọwọ́, ó jókòó. Ó bu òkèlè àkọ́kọ́. Ọbẹ̀ kán sí i láyà, kò nù ún. Ó bu òmíràn kí ti àkọ́kọ́ tó lọ tán.

"Dádì," Jùwọ́n wí, "ààwẹ̀ ńkọ́?"

Francis ń jẹun lọ. Eunice yí ojú sí ògiri. Kò sí ìró kankan nínú ilé ju ti ọ̀fun bàbá náà lọ. Ó jẹ ẹ́ títí abọ́ fi mọ́, ó fi ìka nu etí abọ́ yípo, ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àwọn ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì rẹ ojú sílẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n mú.

Jùwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, àwọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà bó ti ń rò ó. Ó rántí pé gbogbo alẹ́ ni oúnjẹ ń dúró de òun lábẹ́ àwo, ó máa ń jẹ́ abọ́ kan ṣoṣo. Ó rántí pé Dádì máa ń ní òun ń gbààwẹ̀. Ó rántí pé Mọ́mì máa ń ní òun ti jẹ tòun ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí òun Jùwọ́n á sì wá máa jẹun, òun á máa sọ̀rọ̀ sítúdíò.

"Mọ́mì, ìgbà wo lẹ̀yin jẹun gbẹ̀yìn?"

"Jẹ uyán rẹ."

"Mọ́mì!"

"Mo ní kó o jẹ uyán rẹ kó má tutù."

Irọ́ ló rò pé òun pa fún aráyé. Òótọ́ ló sọ, òun nìkan ni kò mọ̀ nínú ilé náà. Ìtìjú mú un, ìtìjú tó ju gbogbo èyí tí ìyá rẹ̀ ti ń jẹ láti àárọ̀ lọ. Kò lè fọwọ́ kan iyán náà.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn nígbà tí ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́láwọlé sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú dígí dúdú lójú, ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé e, ó gbé kámẹ́rà àti ẹsẹ̀ irin mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e lé. Kọ́láwọlé mọ bí a ti ń kí àgbà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Francis, ó dọ̀bálẹ̀ fún Eunice. Kò tíì dìde tán tó fi rí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Áà! Ẹ bá mi kó gbogbo eléyìí wọlé o. Ta ló máa gbà pé ebi ń pa èèyàn láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rọra ti nǹkan kúrò lọ́nà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ jókòó sórí ẹní. Mọ́mì, ẹ má bínú sí mi, aṣọ yìí ti dára jù. Ìró búlúù tó ya yẹn ni mo fẹ́. Àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n."

Jùwọ́n dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Ká fi kí ni sílẹ̀?"

"Fídíò náà. Mi ò ṣe mọ́."

Kọ́láwọlé yọ dígí ojú rẹ̀. "Ẹ̀rù irọ́ ló ń bà ọ́? Gbogbo ẹni tó ń kọrin ló ń parọ́. Ta ló ni mọ́tò tó dúró tì nínú fídíò orin?"

"Kì í ṣe irọ́. Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ̀ ni."

"Òótọ́ ni?" Ojú Kọ́láwọlé là. "Ó dára náà! Òótọ́ ló rọrùn jù láti sunkún fún."

Eunice dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó wo ọkọ rẹ̀ tó jókòó nídìí abọ́ òfìfo. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ti gbẹ, tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ti gbó nítorí ìrìn sítúdíò. Fọlákẹ́ ti mọ̀, Lydia ti mọ̀, Òṣogbo ti mọ̀. Ọlọ́kadà Erijìyàn pàápàá ti mọ̀. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Ó wọ inú yàrá lọ. Nígbà tó máa jáde, ìró búlúù tó ya ló ró, ó ti tú gèlè, ó ti bọ́ bàtà.

"Níbo lẹ fẹ́ kí n dúró sí?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," Jùwọ́n wí.

"Gbẹ́nu ẹ sọ́ùn. Ṣé o fẹ́ kọrin ni àbí o ò fẹ́ kọrin?"

Jùwọ́n fẹ́ kọrin. Kò sí ohun tó tún fẹ́ láyé. Ó yà kúrò lọ́nà fún un.

Wọ́n mú Eunice lọ síwájú àdògán. Ọmọbìnrin náà gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó ní kí Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Eunice bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ó kó eérú, Eunice kó eérú. Ó ní kí ó yí ojú sí òun díẹ̀, kí ó jẹ́ kí omijé wá. Omijé ò wá. Kọ́láwọlé ní kò burú, kí ó ronú nípa nǹkan tó ń dunni. Eunice ní òun ń ronú nípa rẹ̀.

"Ẹ sọ fún wa, Mọ́mì," ọmọbìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, "ìgbà wo lẹ jẹun gbẹ̀yìn?"

Eunice la ẹnu. Jùwọ́n tó dúró lẹ́yìn wọn ò fẹ́ gbọ́ èsì náà. Ó ti bi í ní ìbéèrè yẹn, kò sì sọ fún òun tó jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó yọ fóònù, ó wá fídíò náà kàn, ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù bi í bóyá ó dá a lójú. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Mo ti pa á rẹ́," ó wí. "Ẹ dìde, Mọ́mì."

Kọ́láwọlé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo fóònù tirẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú. "Jùwọ́n! Kí lo ṣe? Gbogbo àwọn tó pín in! Ibi tí wọ́n ti ń wò ó ni à ń kó wọn bọ̀ síbi orin!" Ó gbá orí ara rẹ̀ mú. "Wọ́n á ní ẹ̀tàn ni, pé àṣírí ló tú tó o fi yọ ọ́ kúrò. O ti fi ọwọ́ ara rẹ pe ara rẹ lólè." Ó ju ọwọ́ sí ọmọbìnrin náà. "Kó o! Kó gbogbo ẹ̀! Mo fi epo mọ́tò mi ṣòfò."

Wọ́n kó kámẹ́rà. Kọ́láwọlé ò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ dún gbàgà.

Jùwọ́n kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ nínú eérú. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Ó rò pé yóò fọwọ́ kan òun lórí, pé yóò ní ó ṣeun. Eunice gbá a létí, gbígbá tó mú kí Francis dìde lórí àga.

"Ta ló ní kó o pa á rẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì! Láàárọ̀, ẹ̀yin lẹ ní kí n pa á rẹ́!"

"Láàárọ̀, mo ṣì ní nǹkan tí mò ń bò!" Ohùn rẹ̀ ya. "Kí lo fi pamọ́ fún mi báyìí? Kí ló ṣẹ́ kù? Wọ́n ti rí wa tán, orin ò sì tún sí! Dìde. Sáré. Sọ fún un pé a ó tún un ṣe. Mọ́tò rẹ̀ ò tíì yí orí padà."

Jùwọ́n di etí mú. Kò mira.

"Bàbá Jùwọ́n, ẹ sọ fún un!"

Francis dúró pẹ̀lú ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó ká, ó ń fi ọwọ́ ra ọbẹ̀ tó kán sí i láyà.

Eunice wo àwọn méjèèjì. Ó gán ìró náà mọ́ ìdí, ó sì sá jáde. Fọlákẹ́ rí i láti ojú fèrèsé, ó fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ rí i, wọ́n gbé korobá sílẹ̀. Ọkọ̀ náà ti yí orí, ó ti kọjú sí ọ̀nà Arámọkọ. Ààrẹ ẹgbẹ́ obìnrin ń sáré tẹ̀ lé e lójú títì lẹ́sẹ̀ lásán, láìwé gèlè, nínú aṣọ tó ya, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń pariwo tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́ ọ:

"Kọ́láwọlé! Ẹ dúró! Mo máa sunkún! Ẹ dúró, mo máa sunkún!"